Raw disk àbí filesystem: ọ̀nà méjì tí database ń gbà tọ́jú àkọsílẹ̀ owó yín

Ẹ lọ sí ìdí POS èyíkéyìí ní Adó-Àwáyè lọ́jọ́ ọjà, ó pẹ́ ó yá, ẹ máa gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó máa reverse." Ìyá oníṣu fẹ́ fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ n'Ìbàdàn. Báǹkì ti yọ owó náà, ọmọ ò sì tíì rí nǹkan kan. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe ségesège, bóyá iná ló lọ níbì kan tí ẹnikẹ́ni nínú ọjà náà ò mọ̀. Ohun tó ń fi ìyá yẹn lọ́kàn balẹ̀ ni pé báǹkì ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n báǹkì kì í ṣe èèyàn tó lọ́pọlọ. Database ni báǹkì fi ń rántí, database náà sì gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí dísìkì kan tí kò ní pa á rẹ́ bí iná bá lọ tó tún dé.

Báwo ló ṣe ń kọ ọ́? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń jiyàn lórí èyí. Ọ̀nà méjì ló wà. Database lè gba ọ̀dọ̀ filesystem kọjá, ìyẹn ètò tó ń to fáìlì sínú fódà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù yín. Ó sì lè gba dísìkì náà lódindi fúnra rẹ̀, kí filesystem kankan má sí láàárín. Ìkejì yìí ni wọ́n ń pè ní raw disk tàbí raw device. Bí ẹ bá ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tàbí ẹ̀yin lẹ̀ ń bójú tó server fún iléeṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, torí bí ẹ bá ṣì í yàn, àkọsílẹ̀ lè lọ pátápátá.

Ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyè rí láti lọ wo adágún tó wà lórí rẹ̀ á tètè mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn tó lé ní 300 síbẹ̀. Ẹni tó bá gba àtẹ̀gùn, ẹlòmíì ti bá a ro ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Kò lè yára ju bí wọ́n ṣe to àtẹ̀gùn náà lọ, ṣùgbọ́n àlejò tó dé láti Èkó láàárọ̀ yìí lè gùn ún. Ẹni tó bá gba orí àpáta gan-an lè rí ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó bá mọ òkè náà bí ẹni mọ inú ilé ara rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò sí nǹkan tó máa dì mú.

Dísìkì ò mọ fáìlì

Dísìkì fúnra rẹ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ fáìlì. Ohun tó mọ̀ ò ju àpótí kéékèèké tí wọ́n fi nọ́ńbà sí: àpótí 0, àpótí 1, àpótí 2, títí dé ìparí. Láyé àtijọ́, 512 bytes ni àpótí kọ̀ọ̀kan ń gbà. Lóde òní, 4,096 bytes ló wọ́pọ̀. Ẹ lè sọ fún dísìkì pé kó gbé ohun tó wà nínú àpótí 70,512 wá, á gbé e wá. Ẹ ò lè sọ fún un pé kó gbé fótò ìgbéyàwó Bọ́lá wá. Filesystem ló ń ṣe ògbufọ̀. Ext4 àti XFS lórí Linux, NTFS lórí Windows, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáìlì báyìí wà nínú àpótí báyìí báyìí, ta ló ni ín, ta ló láṣẹ láti kà á, ìgbà wo ni wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn, àpótí wo ló sì ṣófo.

Nǹkan míì tún wà tí operating system ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn. Tí ẹ bá ní kó kọ nǹkan sórí dísìkì, kì í kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gbé e sínú RAM ná, níbi tí wọ́n ń pè ní page cache, á sì dá yín lóhùn pé, "Mo ti gbọ́." Ó máa ń tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kọ ọ́ lóòótọ́. Kò sí wàhálà níbẹ̀ bó bá jẹ́ fíìmù lẹ̀ ń download. Owó ìyá oníṣu wa ńkọ́? Bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, "mo ti gbọ́" ti di òfo nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí database fi máa ń pe àṣẹ kan tó ń jẹ́ fsync. Ohun tí fsync ń sọ fún operating system ò ju pé: "Má tíì dáhùn o. Kọ ọ́ sórí dísìkì tán kó o tó sọ̀rọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fsync yìí sọ́kàn. A máa padà sí i.

Ẹjọ́ tí Stonebraker pè ní 1981

Lọ́dún 1981, Michael Stonebraker, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe database INGRES ní Yunifásítì California ní Berkeley, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Communications of the ACM. Àkọlé rẹ̀ ni "Operating System Support for Database Management". Tí a bá sọ ọ́ lédè tiwa, ẹjọ́ tó ń rò ni pé iṣẹ́ tí operating system ń ṣe fún tẹrú tọmọ kò bá database lára mu.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ page cache yẹn yẹ̀ wò. Operating system máa ń méfò pé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ni wọ́n tún máa lò láìpẹ́. Torí náà, ó máa ń tọ́jú ohun tuntun sínú RAM, á sì gbá ti àtijọ́ dànù. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n tí báǹkì bá ń ṣírò èlé lóru, database máa ka gbogbo àkáǹtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní padà sí èyí tó ti kà. Operating system ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á máa kó àkáǹtì tí wọn ò ní lò mọ́ jọ sínú RAM, á sì máa lé àwọn tí oníbàárà ń béèrè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú jáde. Database mọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Operating system ń méfò ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, database tó bá tó gbangba sùn lọ́yẹ́ máa ń ní cache tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun kan náà á wà nínú RAM lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ database, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ operating system. Lóde òní tí fóònù ọwọ́ yín ń gbé RAM 4GB, ẹ lè ní kí ló burú níbẹ̀. Láyé ìgbà tí RAM kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ odindi ò ju mẹ́gábáìtì mélòó kan lọ, ìfiṣòfò ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ èyí tó máa ṣáájú ló wá le jù. Kí database tó yí iye owó inú àkáǹtì padà, ó máa ń kọ́kọ́ kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní log: "Mo fẹ́ yọ ₦20,000 níbí, mo fẹ́ fi sọ́hùn-ún." Tí iná bá lọ lójijì, log yẹn ni database máa kà nígbà tó bá jí, á sì parí iṣẹ́ náà tàbí kó dá a padà sí bó ṣe wà. Apá kan "ó máa reverse" tí wọ́n ń sọ fún yín, ibẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n log gbọ́dọ̀ dé orí dísìkì ṣáájú àkáǹtì. Operating system ní tirẹ̀ máa ń kọ nǹkan sórí dísìkì bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí àkáǹtì bá ṣáájú log débẹ̀, tí iná wá lọ, owó ti kúrò, kò sì sí ìwé tó sọ ibi tó ń lọ.

Àwọn Unix àtijọ́ tún fi tiwọn kún un. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbà kí ju ẹnì kan lọ máa kọ nǹkan sínú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọgọ́rùn-ún oníbàárà bá wà lórí ìlà, tí gbogbo àkáǹtì sì wà nínú fáìlì kan, ńṣe ni wọ́n á máa dúró de ara wọn bí ayálégbé inú face-me-I-face-you tó ní balùwẹ̀ kan ṣoṣo, ní aago mẹ́fà àárọ̀ Monday. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 32-bit ìgbà náà, fáìlì kan ò sì lè ju 2GB lọ.

Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé láàárín 1980 sí 2000, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá tó ń lo Sybase, Informix, Oracle tàbí DB2 ló lọ sórí raw disk. Lórí Solaris, wọ́n á ya apá kan dísìkì sọ́tọ̀, wọ́n á sì pè é látinú /dev/rdsk. "R" tó wà níwájú "dsk" yẹn, raw ló dúró fún. Lórí Linux, /dev/raw/raw1 ni ẹ máa rí. Database á wá máa ka nọ́ńbà àpótí fúnra rẹ̀, á mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìdí míì tún wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré sísá rárá. Oracle ní ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan fi lè jọ lo database kan ṣoṣo lórí dísìkì kan ṣoṣo, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Láti Oracle 9i tó jáde ní 2001, RAC lorúkọ rẹ̀. Filesystem lásán bíi ext3 ò lè ṣe é: ẹ mount rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ba ara wọn jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìkíní ò mọ̀ pé ìkejì wà. Níbi tí kò bá ti sí filesystem tó mọ̀ pé òun ń sin ọ̀gá méjì, raw disk ni wọ́n ń sá sí.

Ohun tí raw disk ń gbà lọ́wọ́ yín

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti farabalẹ̀ kà, torí ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ máa rí kì í dúró níbí pẹ́.

Àkọ́kọ́ ni pé raw disk jọ dísìkì òfìfo. Ẹ tẹ ls, kò sí fáìlì. Ẹ tẹ df, kò sí níbẹ̀. Ká sọ pé ọ̀gá tó to server náà ti lọ sí Canada (ẹ mọ̀ pé kò ṣòro), tí ọmọ iṣẹ́ tuntun sì dé, tó rí dísìkì 500GB tí "kò sẹ́ni tó ń lò ó". Á tẹ mkfs sí i, kó lè rí àyè fi backup pamọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, filesystem tuntun ti jókòó sórí àkáǹtì gbogbo oníbàárà. Lórí Windows ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí Windows bá rí dísìkì tí kò mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa bi yín bóyá kí òun format rẹ̀. Yes kan péré, ó ti parí.

Èkejì ni orúkọ. Linux kì í ṣèlérí pé dísìkì tó jẹ́ /dev/sdb lónìí máa jẹ́ /dev/sdb lọ́la. Ẹ fi dísìkì kan kún un, tàbí kí ọ̀kan pẹ́ kó tó jí nígbà tí ẹ tan ẹ̀rọ, ti àná lè di /dev/sdc. Filesystem ní UUID tirẹ̀ tí Linux fi ń dá a mọ̀, torí náà kì í sábà sọnù. Raw disk tí wọ́n fi /dev/sdb pè lásán ò ní irú ààbò yẹn, database lè jí kó máa kọ nǹkan sórí dísìkì onídìísìkì. Àwọn tó gbọ́n máa ń pè é láti /dev/disk/by-id, níbi tí orúkọ ti ń tẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ dísìkì ní iléeṣẹ́ tó ṣe é.

Backup tún wà ńbẹ̀. Fáìlì ṣeé kọpí. Raw disk, dd ló kù, dd sì máa kọpí gbogbo 500GB náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé 20GB péré ni àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tí database bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí dd ń kọpí, ẹ̀dà tí ẹ máa rí á dà bí fótò ẹni tó ń sáré: orí wà níbì kan, ẹsẹ̀ wà níbòmíì. Àfi kí ẹ lo irinṣẹ́ backup tí database náà fúnra rẹ̀ ní. Tí àyè bá sì kún, fáìlì lè máa tóbi sí i. Raw partition ti ní ààlà, ẹ sì ní láti lọ ya ilẹ̀ míì.

MySQL ṣì gbà yín láyè láti ṣe é. Nínú InnoDB, ẹ máa kọ orúkọ dísìkì náà sínú innodb_data_file_path, ẹ ó sì fi "newraw" sí i lẹ́yìn. Nígbà tí MySQL bá kọ́kọ́ tàn, á tún gbogbo ibẹ̀ ṣe lọ́tun. Lẹ́yìn náà, ẹ máa pa á, ẹ máa yí "newraw" padà sí "raw", ẹ máa tún un tàn. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí i padà, gbogbo ìgbà tó bá tan MySQL ni ibẹ̀ máa di ọ̀tun, bí ilé tí wọ́n ń kun lọ́dà lójoojúmọ́. Àwọn tó ṣe MySQL mọ̀ pé èèyàn máa gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí InnoDB ò fi ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan padà níwọ̀n ìgbà tí "newraw" bá ṣì wà níbẹ̀. Ó dáa tí wọ́n ronú kàn án, ṣùgbọ́n ohun tó bá nílò irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ìgbà tí filesystem jí

Bí ẹ bá ka ìwé ọdún 1995, wọ́n á sọ fún yín pé raw disk yára gan-an ju filesystem lọ. Òótọ́ ni nígbà náà. Ohun tó yí i padà ni direct I/O. Láti Linux 2.4.10, tó jáde ní 2001, database lè ṣí fáìlì pẹ̀lú àmì kan tó ń jẹ́ O_DIRECT. Fáìlì ṣì ní orúkọ, ó ṣì wà nínú fódà, ls ṣì ń rí i, ṣùgbọ́n tí database bá kọ nǹkan sínú rẹ̀, kò gba inú page cache mọ́. Ó ń lọ tààrà sórí dísìkì. Kò sí ẹ̀dà méjì nínú RAM mọ́, kò sì sí ìméfò. XFS ní tirẹ̀ tún gbà kí ọ̀pọ̀ máa kọ nǹkan sínú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n bá ń lo direct I/O, torí náà ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ti tán. Tí database bá sì ti gba fáìlì ńlá kan sílẹ̀ lódindi látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tó kù fún filesystem ò ju kó wo ibi tí fáìlì náà bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì.

Ni raw disk bá bẹ̀rẹ̀ sí pàdánù ọ̀rẹ́. Oracle mú ASM wá nígbà tí Oracle 10g jáde. Nígbà tí 12c máa fi jáde ní 2013, Oracle ti ní òun ò gba kí ẹnikẹ́ni gbé database sórí raw device tààrà mọ́. Linux náà yọ raw driver yẹn kúrò pátápátá nínú 5.14 lọ́dún 2021, /dev/raw di ìtàn. Ẹ ṣì lè ṣí /dev/sdb fúnra rẹ̀ pẹ̀lú O_DIRECT o. Ilé àtijọ́ ni wọ́n wó, ilẹ̀ ṣì wà. MySQL 8.4, tó jáde ní 2024, sọ O_DIRECT di ohun tó ń lò lórí Linux láìjẹ́ pé ẹ ní kó lò ó.

Ọ̀rọ̀ ASM yìí wù mí gan-an. Ó máa ń gba dísìkì lófìfo, kò sí ext4, kò sí XFS. Ṣùgbọ́n ó ń fi orúkọ sí nǹkan, ó ń pín àkọsílẹ̀ kárí gbogbo dísìkì, ó ń ṣe ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta kí ọ̀kan má bàa kú kí gbogbo rẹ̀ lọ, tí ẹ bá sì fi dísìkì tuntun kún un, á tún ẹrù pín. Kí ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe gbogbo ìyẹn? Filesystem ni, àfi pé Oracle ló kọ ọ́ fún ara rẹ̀. Lójú tèmi, gbogbo ẹni tó bá sá kúrò lọ́dọ̀ filesystem máa parí sí kíkọ́ tirẹ̀. Ìbéèrè gidi ni pé ṣé ẹ ní agbára láti kọ́ ọ àti láti máa tún un ṣe?

Kò jìnnà sí wa o. Flexcube, ọ̀kan lára àwọn software tí àwọn báǹkì Nàìjíríà fi ń ṣiṣẹ́, ti Oracle ni, orí database Oracle ló sì ń gbé.

Ọ̀rọ̀ fsync ní 2018

Kí ẹ má bàa rò pé filesystem jẹ́ ẹni mímọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ti PostgreSQL. Látilẹ̀, filesystem ni PostgreSQL gbára lé, page cache operating system ló sì ń lò. Àwọn tó ń ṣe é gbà pé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe Linux nìyẹn, kí oníkálukú gbájú mọ́ tirẹ̀. Ní March 2018, Craig Ringer, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, gbé ọ̀rọ̀ kan síta tó da orí gbogbo èèyàn rú.

Ohun tó rí rèé. Ká sọ pé dísìkì kọ̀ láti gba àkọsílẹ̀ kan. Database pe fsync, Linux sì dáhùn pé, "Kò ṣeé ṣe." PostgreSQL á ní, ó dáa, jẹ́ kí n tún gbìyànjú. Ó pe fsync lẹ́ẹ̀kejì, Linux dáhùn pé, "Ó ti ṣe." Ó ti ṣe kẹ̀? Rárá o. Lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ kùnà, Linux ti sàmì sí àkọsílẹ̀ yẹn nínú RAM pé ó mọ́, kò sí ohun tó kù láti kọ. Àkọsílẹ̀ náà ò dé orí dísìkì rí, database sì ti gbà pé ó débẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ni PostgreSQL ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìfura.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe, tó jáde nínú PostgreSQL 11.2 àti àwọn àtúnṣe tó bá a rìn ní February 2019, le díẹ̀: tí fsync bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, database ò ní gbìyànjú mọ́. Á pa ara rẹ̀, á jí, á sì lọ ka log rẹ̀. Ṣé raw disk ì bá ti gbà wọ́n? Lórí kókó yìí, bẹ́ẹ̀ ni. Tí database bá ń kọ nǹkan tààrà, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbọ́ pé dísìkì kọ̀, ẹ̀dà náà sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkan nìyẹn fún àwọn oníraw.

Ohun kan wà tí raw disk ò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn page tó fàya. PostgreSQL ń kọ nǹkan ní 8KB, 8KB. InnoDB ń kọ ọ́ ní 16KB. Dísìkì ní tirẹ̀ ò ṣèlérí ju àpótí 4KB kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Torí náà, page InnoDB kan gba àpótí mẹ́rin. Bí iná bá lọ lẹ́yìn àpótí kejì, ìdajì page á jẹ́ ti òní, ìdajì á jẹ́ ti àná, kò sì sí ọ̀kan tó ṣeé gbára lé nínú méjèèjì. InnoDB máa ń kọ page lẹ́ẹ̀mejì sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí èyí, ohun tí wọ́n ń pè ní doublewrite. PostgreSQL máa ń kọ odindi page sínú log, full_page_writes lorúkọ rẹ̀. Ẹ má pa ìkankan nínú wọn torí pé ẹnì kan sọ lórí YouTube pé ó máa ń fa ìdádúró.

Àwọn tó padà sí raw

Ìjà ò tíì tán. Ceph, software tí àwọn tó ń ta cloud fi ń tọ́jú nǹkan sórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dísìkì, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbára lé filesystem, pàápàá XFS. Lọ́dún 2017, wọ́n sọ BlueStore di ọ̀nà tí wọ́n ń lò, BlueStore sì ń gba dísìkì lófìfo. Lọ́dún 2019, wọ́n gbé ìwé kan jáde níbi àpérò SOSP tí wọ́n fi ṣàlàyé pé ọdún mẹ́wàá táwọn lò lórí filesystem ti kọ́ àwọn lọ́gbọ́n: gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ lẹ́ẹ̀mejì, wíwá fáìlì láàárín mílíọ̀nù fáìlì sì ń fà wọ́n sẹ́yìn. Aerospike náà, database tó ń sáré lórí SSD, máa ń lo raw device.

Facebook ní tiwọn gba àárín. Nígbà tí fótò pọ̀ lápọ̀jù, wọ́n rí i pé kí filesystem tó rí fótò kan, ó ní láti ka ibi bíi mélòó kan lórí dísìkì. Haystack, tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2010, kó ọ̀pọ̀ fótò jọ sínú fáìlì ràgàjì kan lórí XFS, wọ́n sì ń tọ́jú ibi tí fótò kọ̀ọ̀kan wà sínú RAM. Filesystem ṣì wà, ṣùgbọ́n fáìlì díẹ̀ ló ń rí.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí ló ní ẹ́ńjínnìà tí iṣẹ́ wọn ò ju èyí lọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni server náà ńkọ́?

Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Adó-Àwáyè tàbí Ìsẹ́yìn fẹ́ kúrò lórí ìwé ńlá aláwọ̀ pupa yẹn, kí wọ́n máa tọ́jú owó ọmọ ẹgbẹ́ sínú PostgreSQL lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì. Èmi ò ní bá yín rojọ́ raw rárá. Ext4 tàbí XFS, ó tán. Ohun tó máa pa àkọsílẹ̀ yín níbẹ̀ kì í ṣe page cache, iná ni. Dísìkì pàápàá máa ń parọ́: ó ní RAM kékeré tirẹ̀ nínú, òun náà lè dáhùn pé òun ti kọ nǹkan nígbà tí kò tíì kọ ọ́. Torí náà UPS ló kàn, kódà kí ẹ ti ní inverter. Tí owó bá wà, ẹ wá SSD tó ní ààbò fún ìgbà tí iná bá lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe fún server ló sábà máa ń ní in, ti laptop kì í sábà ní.

Lórí PostgreSQL, ẹ rí i pé fsync wà ní "on". Lórí MySQL, kí innodb_flush_log_at_trx_commit jẹ́ 1. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ yí wọn padà kí ẹ̀rọ lè yára, ẹ bi í léèrè ta ló máa san owó ọmọ ẹgbẹ́ padà. Ẹ máa fi pg_dump ṣe backup sí ibòmíì tí kì í ṣe ọ́fíìsì kan náà, ẹ sì rọra pẹ̀lú flash tí wọ́n ń tà ní ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n kọ 2TB sí lára. Ọ̀pọ̀ wọn ò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí wọ́n kọ sí i, tí wọ́n bá sì kún, ńṣe ni wọ́n á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìsọ nǹkan kan.

Fóònù yín náà ń ṣe èyí lójoojúmọ́. Lórí Android, inú SQLite ni WhatsApp ń tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí, SQLite sì jẹ́ database tó wà nínú fáìlì kan lórí filesystem. Bátìrì máa ń kú lójijì, fóònù máa ń já bọ́, ọ̀rọ̀ yín sì sábà máa ń wà níbẹ̀ tí ẹ bá tún un tàn, torí SQLite náà ní log tirẹ̀.

Fún àwọn tó ń yá server lórí cloud, dísìkì tí wọ́n fi hàn yín pé ó ṣófo, tí ẹ fẹ́ fi ṣe raw, ó lè jẹ́ fáìlì lásán lórí filesystem ẹlòmíì ní data centre. Raw tiyín, fáìlì tiwọn. Ẹ̀rín ń pa mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí ẹni tó ń fi gbogbo òru tún irú "raw disk" bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ jogún server lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ, ẹ má format nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ tẹ lsblk -f ná. Tí ẹ bá rí oracleasm tàbí ceph_bluestore níwájú dísìkì kan, ẹ mọ̀ pé onílé wà nínú ilé. Tí àyè náà bá ṣófo, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo raw ni lsblk dá mọ̀. Ẹ ṣí fáìlì ètò MySQL, ẹ wá ọ̀rọ̀ "raw" nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ẹni tó lọ Canada yẹn lórí WhatsApp kí ẹ tó tẹ mkfs.